Ọmọ Odò, Ọmọ Ilé, àti Ṣọ́ọ̀kì Inú Àpò Bàbá

Ní ọjọ́ tí bàbá àgbà mi kú, àwọn ààfáà tó fẹ́ wẹ̀ wọ́n bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn wọn, ègé ṣọ́ọ̀kì mẹ́ta sì bọ́ sílẹ̀ láti inú àpò. Ààfáà kan kó o jáde fún mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ṣé tíṣà ni Bàbá ni?” Mo ní rárá, ẹja ni wọ́n ń tà. Ó wo ṣọ́ọ̀kì, ó wò mí, ó sì padà wọlé láìbéèrè ohun mìíràn. Mo kó ṣọ́ọ̀kì náà sínú pọ́ọ̀sì mi, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún títí ó fi tẹ́ mi lọ́rùn.

Rájí ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n Bàbá Ẹlẹ́ja ni Ajégúnlẹ̀ mọ̀ wọ́n sí, orúkọ yìí kò sì yéé kó wàhálà bá wa. Ẹja tí Bàbá ń tà kì í ṣe ẹja jíjẹ. Ẹja wíwò ni, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ aláràbarà tí àwọn olówó Apapa ń kó sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ àti ní ọ́fíìsì. Ní ọ̀sẹ̀ tí Mama Ebiere kó wá sí àdúgbò wa, wọ́n gbé abọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù.

“Baba, abeg, how much be this red one? E no big o. How many go full one pot?”

Bàbá fi Pidgin tí wọ́n kọ́ ní wọ́ọ̀fù dá wọn lóhùn. “Madam, this one na for eye. No be for mouth.”

“For eye? Fish?” Mama Ebiere pòṣé. “Na true say Lagos people don craze.”

Ṣùgbọ́n wọn ò lọ. Wọ́n gbé abọ́ sórí itan, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wo ẹja pupa náà bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sán tí wọn kì í wá. Wọ́n ní ó máa ń jẹ́ kí orí fífọ́ àwọn rọlẹ̀. Bàbá á sọ sí mi létí pé, “Ṣé o rí i? Ó ti jẹun yó.”

N kò fẹ́ ka ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹlòmíràn lè ṣe ìyẹn nínú ẹbí. Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn ọdún àti déètì. Ó tó kí ẹ mọ̀ pé ẹrù ni wọ́n ń gbé ní wọ́ọ̀fù Apapa títí ẹ̀yìn wọn fi kọ̀, àti pé àwọn àfọ́kù fèrèsé tí wọ́n ń dà nù lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rù-sí ní Creek Road ni wọ́n fi kan àpótí gíláàsì àkọ́kọ́. Ó jò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Màmá, ìyàwó wọn, máa ń sọ pé omi tó jò lọ́dún yẹn ló sọ ilẹ̀ pálọ̀ àwọn di abàtà.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì ni mo fẹ́ sọ. Gbogbo àpótí ẹja ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá ló dúró lórí pátákó tí wọ́n kùn ní dúdú, Bàbá sì ń kọ ibi tí ẹja ti wá sára pátákó náà. Ẹja tí wọ́n fi àwọ̀n ọwọ́ kó nínú odò tàbí òkun, wọ́n á kọ “Ọmọ odò” sí i. Èyí tí wọ́n bí nínú gíláàsì, “Ọmọ ilé.” Ẹ̀ka kẹta sì wà, fún àwọn tó ti ìlú òyìnbó wá pẹ̀lú ìwé pé wọ́n sìn wọ́n ni, wọn kò mú wọn nínú òkun. Ohun tí Bàbá ń kọ sí ìyẹn ni “Wọ́n ní.” Bí oníbàárà bá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n á dáhùn pé, “Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò sí níbẹ̀.”

Ẹja tí kò bá bọ́ sí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn kò ní tà á. Nígbà kan, ọkùnrin kan gbé ẹja ẹlẹ́wà wá, owó pọ́ọ́kú ló ń pè. Bàbá gbà á sínú àpótí kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kí ọjọ́ mẹ́sàn-án tó pé, gbogbo ẹja náà ti kú. Ẹja tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò gámálìn mú, ojú rẹ̀ á máa dán, á máa lúwẹ̀ẹ́ kiri, ìwọ á rò pé nǹkan kan kò ṣe é. Nígbà tí ọkùnrin náà dé, Bàbá kó òkú ẹja lé e lọ́wọ́ nínú náílọ́ọ̀nù dúdú. Wọ́n ní, “Gba àwọn ẹ̀ rẹ. Kí o má fi ọwọ́ yẹn jẹun kó o tó fọ̀ ọ́.”

Èmi gan-an kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́ fún àgbà nígbà tó bá yẹ kó dákẹ́. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ lórí iṣẹ́ ẹja ní yunifásítì, mo dé sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìmọ̀ tútù, mo ní kí Bàbá jáwọ́ nínú ẹja odò.

“Bàbá, ayé ti lajú. Ẹja tí wọ́n bí nínú gíláàsì ló dáa. Èyí tí ẹ ń kó lódò, ẹ̀ ń kó wọn run ni.”

“Sètónjí ńkọ́?” ni Bàbá fi dá mi lóhùn.

Sètónjí ni ọmọ Ègùn tó ń bá Bàbá kó ẹja. Ọjọ́ orí èmi pẹ̀lú rẹ̀ kò jìnnà síra, ó sì ti níyàwó, ó ti bímọ méjì. Inú ọ̀sà àti etí òkun ló ti ń jẹun.

“Tí mi ò bá rajà lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́, kí ló máa tà? Yanrìn ló máa tà. Tí yanrìn bá tán, á gé igi etí omi tà. Àbí o ò gbọ́ pé òun àtàwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló lé tánkà tó fẹ́ da epo dúdú sínú odò? Ẹja wọn ni wọ́n ń gbèjà. Èmi ò tíì rí olówó Warehouse Road kankan tó lé tánkà nítorí ẹja.”

“Ṣùgbọ́n wọ́n ń kú lọ́nà, Bàbá. Mẹ́wàá nínú kẹ́ẹ̀gì kan, mélòó ló ń dé Ajégúnlẹ̀ láàyè? Tírélà ti dí ọ̀nà láti èbúté Tin Can, oòrùn ń se wọ́n nínú ike.”

Wọ́n mú tẹ̀sùbáà wọn, wọ́n ń kà á. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo rí i pé kẹ́ẹ̀gì Sètónjí ti yí padà sí èyí tó lẹ́nu gbòòrò, ẹja mẹ́ta péré ló wà nínú ìkọ̀ọ̀kan, aṣọ tútù sì wà lára rẹ̀. Bàbá Ẹlẹ́ja kì í gbà fún ènìyàn lẹ́nu. Iṣẹ́ ni wọ́n máa ń yí padà, tí wọ́n á sì máa wo ojú rẹ bóyá o máa yangàn. Mo yangàn díẹ̀.

Àléébù wọn kò mọ níwọ̀n. Wọn kì í yin ènìyàn, wọn kì í sì í bẹ̀bẹ̀. Ní ọdún tí a ń tọ́ ẹja kan tó kéré púpọ̀, tí kò lè jẹ ju kòkòrò omi tíntìntín tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, Bàbá nílò aṣọ tó dí tí wọ́n á fi máa sẹ́ omi ọ̀sà. Gèlè búlúù tí Màmá ń wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n mú. Wọn ò béèrè. Màmá rí i nílẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀.

“Bàbá Ṣẹ́gun! Gèlè ṣọ́ọ̀ṣì mi!” ni wọ́n ké mọ́ ọkọ wọn.

“Aṣọ tó fún ẹ̀dá Ọlọ́run lóúnjẹ,” ni Bàbá wí, “kò tíì kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Màmá kò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Bàbá kò ra òmíràn fún wọn títí wọ́n fi kú.

Ẹja tí a torí rẹ̀ ba gèlè jẹ́ yìí ni olórí ọ̀rọ̀ mi. Sètónjí ló rí méjì nínú àwọ̀n rẹ̀ lójijì, nígbà tí ó ń pẹja jíjẹ. Orí rẹ̀ jọ ti ẹṣin, ìrù rẹ̀ ká, òró ló sì ń dúró nínú omi. Ẹṣin òkun ni a ń pè é nílé wa. Méjèèjì ni ikùn wọn wú. Bàbá rò pé àìsàn ni, títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé ṣọ́ọ̀bù tí a rí i tí ọ̀kan ń tú ọmọ jáde, ọmọ wínníwínní, bí ìgbà tí ènìyàn ń tu èèpo ìrẹsì dànù. Mo ṣàlàyé fún wọn pé akọ ni. Abo ló máa ń yé ẹyin sínú àpò tó wà níkùn akọ, akọ á gbóyún, akọ á sì bímọ.

Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Akọ ló bímọ? Olúwa, ẹ ṣé o! Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń retí èyí.”

Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni àwọn ọmọ náà. Gèlè Màmá la fi sẹ́ oúnjẹ fún wọn. Bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi dákẹ́, èmi, Màmá àti Mama Ebiere ni à ń gba ara wa sípò lọ́sàn-án gangan, tí à ń fi ife bu omi, tí à ń rọra dà á padà láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọnú rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, wọ́n ń kú. Mọ́kànlá ló ṣẹ́kù nínú ọmọ àwọn bàbá méjèèjì, àwọn bàbá náà sì kú kí àwọn ọmọ tó dàgbà. Ní ọjọ́ tí a ka mọ́kànlá náà tí gbogbo wọn ń jẹun, Bàbá ṣíjú wò mí, wọ́n ní, “O gbìyànjú.” Títí di òní, mi ò tíì gba oríyìn tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó fà á tí mo fi ṣe àṣìṣe nìyẹn. Ìyáàfin kan wà ní Warehouse Road, iṣẹ́ gbígba ẹrù jáde ní èbúté ni wọ́n ń ṣe, Madam ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n fẹ́ ẹja tí ẹnìkan kò ní nínú ọ́fíìsì. Wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Bàbá lọ kírun Alásárì, wọ́n sì ti ka nǹkan lórí fóònù.

“Mi ò fẹ́ ẹja tí wọ́n mú nínú òkun o,” ni Madam wí. “Àlejò mi pọ̀. Mi ò fẹ́ kẹ́nì kankan sọ pé mò ń ba òkun jẹ́.”

“Inú ṣọ́ọ̀bù yìí ni wọ́n bí wọn sí, mà,” ni mo dáhùn. “Ojú mi ló ṣe.”

Òótọ́ ni mo sọ. Mo mú ṣọ́ọ̀kì Bàbá, mo kọ “Ọmọ ilé” sára pátákó pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà. Nígbà tí Bàbá dé láti mọ́sáláṣí, wọ́n dúró níwájú ìkọ̀wé náà pẹ́. Wọ́n wò mí, inú mi ń dùn, mo ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ó dáa.” Mo mọ̀ nísinsìnyí pé nítorí mi ni wọ́n ṣe gbà á, ó sì ń dùn mí.

Madam ra àwọn ẹja náà, wọ́n gbé àpótí wọn lé orí pátákó dúdú tó ń dán ní ọ́fíìsì wọn, “Ọmọ ilé” sì wà lára rẹ̀. Àwọn àlejò wọn rí ẹṣin òkun, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ọ́fíìsì mẹ́ta ló ránṣẹ́ sí wa láàárín oṣù kan, gbogbo wọn ló ní ọmọ ilé làwọn fẹ́. A ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n ìròyìn kì í ṣe sùúrù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Sètónjí wọlé pẹ̀lú garawa, ó ń rẹ́rìn-ín dé etí.

“Bàbá, ẹ wá wò ó! Gbogbo wọn ló lóyún. Wọ́n ní bàbá olóyún lẹ̀ ń wá, pé ọmọ tí wọ́n bá bí síbí ló ń tà.”

Bàbá wo inú garawa. Ẹṣin òkun kún un, wọ́n ń fi ìrù di ara wọn mú.

“Àwọn tí kò lóyún ńkọ́?” ni Bàbá béèrè.

“Mo dà wọ́n nù sétí omi. Kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe?”

Bàbá jókòó. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní àkísà. Wọ́n nu “Ọmọ ilé” kúrò lára pátákó, wọ́n nù ún títí ọ̀dà dúdú fi ń bó. Wọ́n wá bi mí pé, “Bùkọ́lá, oyún tí wọ́n gbé láti òkun wá síbí, ọmọ ta ni?”

Sètónjí ti ń bẹ̀rù. “Bàbá, kí ni mo ṣe?”

“Ìwọ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo rán ẹ. Ohun tí mo jẹ́ kí wọ́n kọ síbẹ̀ ló rán ẹ.”

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa tí Bàbá kì í yẹ̀: ẹja tó bá ti wọ omi gíláàsì wa kò gbọdọ̀ padà sódò mọ́, nítorí ẹja ilẹ̀ òkèèrè ti wà nínú omi náà, kò sẹ́ni tó mọ àrùn tó gbé wá. Àwọn ti Sètónjí kò tíì kúrò nínú omi òkun tó fi bù wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Bàbá gun ọ̀kadà, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń ro wọ́n, garawa láàárín ẹsẹ̀, tí a ń gba àárín tírélà kọjá lọ sí etí omi. A wọ ọkọ̀ Sètónjí. Níbi tí koríko omi wà, tó ti kó wọn, ni Bàbá ti ń fi ọwọ́ gbé wọn sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe gbogbo wọn ló yè. Bàbá kó àwọn tó kú sínú àpò ẹ̀wù wọn, wọn ò jẹ́ ká dà wọ́n nù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wọ agbádá Jímọ̀ wọn, èmi pẹ̀lú wọn sì lọ sí Warehouse Road. Madam ní àlejò méjì. Bàbá kò dúró kí wọ́n lọ.

“Madam, irọ́ ni mo pa fún yín. Òkun ni wọ́n ti lóyún àwọn ẹja yìí. Ọmọ odò ni wọ́n.”

“Bàbá, èmi ni mo kọ ọ́,” ni mo wí.

“Ṣọ́ọ̀bù ta ni?” Bàbá ò wojú mi.

Ojú Madam ti pọ́n. “Lójú àlejò mi, Bàbá? Lẹ́yìn tí mo ti sọ fún gbogbo ayé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ẹja yín!”

“Wọn ò lè padà sókun mọ́, wọ́n ti mu omi tiwa. Tí ẹ bá ní kí n kó wọn, màá kó wọn. Tí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀, èmi á máa wá bọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ títí tí wọ́n á fi kú.” Bàbá rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n nu ohun tó wà lára pátákó dúdú tó ń dán náà, wọ́n kọ “Ọmọ odò.” Wọ́n wá sọ pé, “Ṣùgbọ́n tí àwọn wọ̀nyí fúnra wọn bá lóyún nínú gíláàsì yìí, tí wọ́n sì bí i, èmi fúnra mi á mú ṣọ́ọ̀kì wá.”

Madam kẹ́yìn sí wa, wọ́n padà sọ́dọ̀ àwọn àlejò wọn. Àwọn ẹja náà dúró síbẹ̀. Àwọn ọ́fíìsì mẹ́ta yòókù kò dá wa lóhùn mọ́, àwọn oníbàárà àtijọ́ míì sì bá tiwọn lọ, torí wọ́n gbọ́ pé Bàbá Ẹlẹ́ja parọ́. Inú bí mi gan-an. Mo ní wọn ì bá ti jáwọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ta ni ì bá mọ̀? Ohun tí wọ́n sọ fún mi ní ọjọ́ náà, mo ti gbìyànjú láti bá a jiyàn láti ìgbà yẹn, mi ò rí i ṣe: “Kò sí èyí tó burú nínú ọmọ odò àti ọmọ ilé. Irọ́ ló burú. Tó o bá pa á fún èèyàn, ẹja ló máa ń sanwó ẹ̀.”

Sètónjí ṣì ń gbé ẹja odò wá, mẹ́ta mẹ́ta. Gbogbo Túsìdeè ni Bàbá ń lọ bọ́ ẹja Madam. Nígbà tí àìsàn dè Bàbá mọ́lẹ̀, èmi ni mo gbà á. Ní Túsìdeè tó kẹ́yìn, mo rí méjì nínú wọn tí wọ́n so ìrù pọ̀, tí wọ́n ń jó yípo láàárín omi. Mo dúró títí abo fi yé ẹyin sínú àpò akọ. Mo sáré dé ilé, mo sọ fún Bàbá lórí ibùsùn.

“Ṣé o rí i dáadáa?”

“Mo rí i, sà.”

“Má tíì kọ nǹkan kan. Dúró kó bímọ.” Wọ́n ní kí n bá àwọn wá ṣọ́ọ̀kì, mo wá a, wọ́n fi sínú àpò. Ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n kú.

Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Màmá jáde pẹ̀lú gèlè búlúù náà lórí, àbàwọ́n ẹrẹ̀ ọ̀sà ṣì wà níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ béèrè. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wé e lójoojúmọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ni Madam pè mí. Wọ́n ní, “Bùkọ́lá, bàbá ẹ ní àwọn á mú ṣọ́ọ̀kì wá.” Nígbà tí mo dé, omi ti kún fún ọmọ wínníwínní. Mo kúnlẹ̀ níwájú pátákó. “Ọmọ odò” tí Bàbá kọ ṣì wà níbẹ̀. Madam sọ pé àwọn ti kìlọ̀ fún ẹni tó ń nu ọ́fíìsì pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo mú ṣọ́ọ̀kì funfun nínú pọ́ọ̀sì mi, mo kọ “Ọmọ ilé” sábẹ́ rẹ̀.

“Ṣé ó dá ẹ lójú lọ́tẹ̀ yìí?” ni Madam bi mí.

“Ó dá mi lójú, mà. Mo wà níbẹ̀.”

Àwọn ọmọ náà gbọ́dọ̀ jẹun kí ọjọ́ tó rọ̀. Mo gbéra, mo padà sí Ajégúnlẹ̀, mo bá Màmá lẹ́nu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀, mo sì bẹ̀ wọ́n fún gèlè. Màmá pòṣé. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì tú u lórí.